Ta ló yẹ kó gbẹ̀yìn nígbà tí omi bá ká ilé ìwòsàn mọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọ̀gá wa ní bí omíyalé bá dé, aláìsàn tó ti fọwọ́ sí ìwé pé tí ọkàn òun bá dá, kí wọ́n má jí òun, ni a máa gbé jáde kẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ mí lọ́kàn. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o. Ohun kan ṣoṣo ni ìwé yẹn wà fún: bí ọkàn bá dáwọ́ lílù dúró, kí ẹ má tẹ̀ ẹ́ láyà. Kò ní kí ẹ má fún un lóògùn, kò sì ní kí ẹ fi í sílẹ̀ fómi. Ẹlòmíì fọwọ́ sí i, ó ṣì ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn.

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí. Nígbà tí ìjì Katrina jà ní New Orleans, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, lóṣù kẹjọ ọdún 2005, àwọn dókítà ilé ìwòsàn Memorial níbẹ̀ pinnu pé àwọn tó ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa gbé jáde kẹ́yìn. Jẹnẹrétọ̀ kú, ooru mú bí iná, wọ́n ń fọwọ́ gbé aláìsàn lórí àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn. Òkú 45 ni wọ́n gbé jáde níbẹ̀ níkẹyìn. Kì í ṣe ìpinnu yẹn ló pa gbogbo wọn, àmọ́ ó yẹ kó kọ́ wa lọ́gbọ́n.

Àkókò tó kù àti bí ara aláìsàn ṣe rí báyìí lẹ máa wò. Bí omi bá ti ń wọlé, àwọn tó lè rìn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó jáde, kí ẹ̀mí tó máa là lè pọ̀. Bí àyè bá ṣì wà, àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí ló ṣáájú, torí iná tó bá lọ lè pa wọ́n. Ẹ má wo owó, ẹ má wo ipò. Ẹ tún máa padà yẹ gbogbo wọn wò, torí ẹni tí àìsàn rẹ̀ le láàárọ̀ lè sàn díẹ̀ lọ́sàn-án.

Ẹni tí kò ní ìrètí mọ́ ńkọ́? Ó ṣì lẹ́tọ̀ọ́ sí oògùn ìrora àti ẹni tó máa jókòó tì í. Ìwọ̀n tó máa dín ìrora kù ni kẹ́ ẹ fún un, ẹ má fi kánjú ikú rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú aláìsàn nìkan dá ìpinnu yìí ṣe. Kí ọ̀gá yín yan dókítà míì tí yóò máa ṣe ìpinnu náà, kí wọ́n kọ òfin náà sílẹ̀ kí òjò tó dé, kí ẹ sì máa kọ wákàtí àti ìdí ìpinnu kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì.