Èwo ni kí n yàn láti máa fi fóònù ṣọ́ sólà mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní pánẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá lórí òrùlé, inverter kan àti bátìrì lithium. Mo fẹ́ máa rí bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù mi nígbà tí n kò bá sí nílé. Ojúhò wà lára inverter náà tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ Wi-Fi kékeré sí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mi ṣe sólà ní kí n ra àpótí mìíràn tó ń wọn iná gbogbo ilé. Èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó náwó. Ohun tí inverter fúnra rẹ̀ mọ̀ nìkan ni ẹ̀rọ Wi-Fi kékeré yẹn lè sọ fún yín: iná tí pánẹ́ẹ̀lì ń mú wọlé, bí bátìrì ṣe kún tó, àti ẹrù tó wà lórí inverter, ìyẹn iná tí àwọn ohun èlò ilé ń fà lára rẹ̀. Ẹ pa breaker tí iná ń gbà jáde láti ara inverter. Bí gbogbo ilé bá ṣókùnkùn, ẹ̀rọ kékeré náà tó yín. Bí nǹkan kan bá ṣì ń tàn, inverter kò rí ìyẹn rárá, àpótí kejì sì di dandan bí ẹ bá fẹ́ mọ gbogbo iná tí ilé ń jẹ. Òrùka kan ló ní tí wọ́n ń fi gbá wáyà ńlá ilé mọ́ra. Bí wọ́n bá fi sódì, iná tí ẹ ń lò á máa hàn bí iná tí ẹ ń tì jáde, nítorí náà ẹ dúró ti oníṣẹ́ náà kó tó lọ.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, kó máa fi bátìrì àti ẹrù hàn pẹ̀lú pánẹ́ẹ̀lì lójú kan náà. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí ìpè tí mo ń gbà jù nìyí: "Oòrùn mú ganrínganrín, pánẹ́ẹ̀lì mi já láti 3,000 wáàtì sí 400, ó ti bàjẹ́!" Kò bàjẹ́. Bátìrì ti kún, kò sẹ́ni tó ń lo iná nílé, kò sì sí ibi tí iná náà lè gbà jáde, ni inverter bá dín ohun tó ń gbà kù. Ẹni tó ń wo pánẹ́ẹ̀lì nìkan á pe oníṣẹ́ lásán. Àmọ́ bí bátìrì bá wà ní 40% lọ́sàn-án gangan tí ojú ọ̀run sì mọ́, tí ẹ ṣì ń rí 400, ẹ má fi ṣeré: ẹ yẹ eruku, òjìji àti ìdí wáyà wò.

Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì, Wi-Fi 2.4 GHz nìkan ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí ń gbà, wọn kì í rí 5 GHz. Ẹ fi router sórí iná inverter, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ojú yín á fọ́ ní àkókò tí iná ìta bá lọ gan-an. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ náà ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sínú ara rẹ̀ títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á fi padà. Bó bá jẹ́ onísíìmù, kó jẹ́ 4G: nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ńláńlá ní Amẹ́ríkà pa 3G ní 2022, ohùn àwọn ẹ̀rọ tí kò mọ̀ ju 3G lọ pa.

Èyí tó ń fi pánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan hàn ńkọ́? Bí igi tàbí ilé kò bá ṣíji bo òrùlé yín, tí ibi kan náà sì ni gbogbo pánẹ́ẹ̀lì kọjú sí, ẹ fi owó yẹn pamọ́.

Ímeèlì tiyín ni kí wọ́n fi ṣí àkáǹtì o, kí oníṣẹ́ jẹ́ àlejò níbẹ̀. Mo ti rí oníbàárà tí kò lè wo sólà ara rẹ̀ mọ́ nítorí pé ẹni tó bá a ṣe é ti ṣí kúrò, òun nìkan ló sì mọ password. Ẹ pààrọ̀ password tó bá ẹ̀rọ wá lọ́jọ́ kìíní, torí lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹni tó bá wọlé lè yí ètò tí bátìrì fi ń gba iná padà láti ibi tó jìnnà.