Ṣé eyín tó máa ká náà la fẹ́ máa náwó lé lórí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún mẹ́ta ààbọ̀. Eyín iwájú rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lókè ti dúdú, ọ̀kan sì ti kán. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni kò ti fẹ́ fi eyín ẹ̀yìn jẹ ẹran mọ́. Ìyá ọkọ mi ní kí n má náwó dànù, pé eyín ọmọdé ni, yóò ká, a ó jù ú sórí òrùlé, tuntun á sì hù. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?
Ìyá Ọmọ, Àpẹtẹ̀, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ìyá Ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú. Òótọ́ ni ìyá ọkọ yín sọ, yóò ká. Ìgbà tí yóò ká ni wọn ò sọ. Ti iwájú a máa ká bí ọmọ bá tó ọdún 6 tàbí 7, ṣùgbọ́n àwọn tó fi ń lọ ẹran lẹ́yìn yẹn, ó di ọdún 10 sí 12 kí wọ́n tó kúrò lẹ́nu. Ọmọ yín ṣì máa fi wọ́n jẹun fún nǹkan bí ọdún 7 sí i! Bí ọ̀kan bá sì tètè kúrò, àwọn tó kù á sún dí àyè rẹ̀, èyí tó ń bọ̀ lábẹ́ á wá hù ní wíwọ́. Bó bá di ọyún, ọyún náà lè ba tuntun jẹ́ kó tó yọjú.

Ẹ ò kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi yín: ṣé fídà máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ tó bá ń sùn? Ọdún 21 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ dókítà eyín. Bí eyín iwájú òkè bá dúdú tí ti ìsàlẹ̀ ṣì funfun, fídà alẹ́ ló sábà máa ń fà á. Ògì tàbí mílíìkì tí a fi ṣúgà sí á dúró sára eyín òkè mọ́jú. Ahọ́n ló ń bo ti ìsàlẹ̀. Kì í ṣe aràn ló ń jẹ ẹ́. Ẹ gba fídà yẹn, ó ti tó fi ife mu nǹkan.

Bó bá ní àbúrò, ẹ gbé ètè òkè onítọ̀hún sókè ní ojúmọmọ. Kí eyín tó dúdú, ìlà funfun bí ẹfun ló máa kọ́kọ́ yọ lẹ́bàá ẹran ìdí eyín. Ìyá tó bá rí ìlà yẹn tètè rí i.

Ohun kan ṣì ń dùn mí títí dòní. Nígbà tí àkọ́bí mi pé ọdún 6, tí mi ò tíì máa ṣe iṣẹ́ yìí, eyín ńlá kan hù lẹ́yìn gbogbo eyín rẹ̀, láìjẹ́ pé ọ̀kankan ká. Mo pè é ní eyín ọmọdé, mo fi í sílẹ̀ títí ó fi lu. Eyín àgbà ni, kò ní àrọ́pò. Ọmọ náà pé ọdún 9, wọ́n yọ ọ́.

Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ máa fọ ẹnu rẹ̀, láàárọ̀ àti kó tó sùn, títí yóò fi tó ọdún 7. Ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride (èròjà tó ń mú eyín le), tí kò ju hóró ẹ̀wà kékeré kan lọ, ti tó.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà eyín ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Ìbàdàn. Èyí tó ṣeé dí, wọn á dí i. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá wú tàbí ara rẹ̀ gbóná, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín lọ, kí dókítà fi eyín ẹ̀yìn yẹn hàn wọ́n.