Méèlì ẹgbẹ́ wa há sórí sáfà, kò lọ, kò bọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Lágéré n'Ífẹ̀ níbí ni mo wà, èmi ni mò ń bójú tó lísìtì ímeèlì àwa tá a jọ jáde ilé-ìwé. Kọ̀ǹpútà kan ní ọ́fíìsì wa la fi ṣe sáfà, Mailman 3 (tó ń bójú tó lísìtì) àti Postfix (tó ń gbé lẹ́tà jáde) ló wà lórí ẹ̀. Iná lọ lójijì lálẹ́ Sunday, kọ̀ǹpútà náà kú, látìgbà yẹn kò sẹ́ni tó rí lẹ́tà kankan gbà. Mo pa á, mo tún tàn án, pàbó. Ẹnì kan ní kí n pa gbogbo ohun tó wà nínú ìlà (ibi tí lẹ́tà ń dúró sí kó tó jáde) rẹ́, àmọ́ ìkéde ìsìnkú màmá ọ̀kan nínú wa wà níbẹ̀. Kí ni kí n ṣe?
Ọmọ Lágéré

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má pa nǹkankan rẹ́. Lẹ́tà tá a bá pa rẹ́ nínú ìlà ti lọ nìyẹn, ìkéde ìsìnkú sì kọjá ohun téèyàn ń fi ṣeré. Ibi tó há sí ni kó o kọ́kọ́ wá, torí ìlà méjì ló wà, Mailman ní tiẹ̀, Postfix náà ní tiẹ̀.

Tẹ mailq, òun ló ń fi ìlà Postfix hàn. Tó bá ní ìlà ṣófo, ọ̀rọ̀ ò sí lọ́dọ̀ Postfix nìyẹn, Mailman ni kó o dojú kọ, òun gan-an ni mo sì fura sí nítorí iná tó lọ yẹn. Tí kọ̀ǹpútà bá kú lójijì, Mailman kì í ráyè tú lọ́ọ̀kù (fáìlì tó fi ń sàmì pé òun ń ṣiṣẹ́) tó fi sílẹ̀, tó bá tún fẹ́ dìde á rí lọ́ọ̀kù náà, á rò pé òun mìíràn ti ń ṣiṣẹ́, á sì jókòó jẹ́ẹ́. Tẹ mailman status. Tó bá ní òun ò ṣiṣẹ́, tẹ mailman start --force, á yẹ lọ́ọ̀kù náà wò, á sì gbéra tó bá rí i pé ti àtijọ́ ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, lọ wo fódà tí ìlà Mailman wà. Tí àwọn fáìlì .pck (ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ lẹ́tà kan) tó wà nínú fódà in àti out bá ń dín kù, ó ti ń lọ nìyẹn. Èyí tó bá wà nínú shunt yàtọ̀ o, lẹ́tà tí Mailman kọsẹ̀ lórí ẹ̀ ló ń kó síbẹ̀, kò sì ní kúrò fúnra ẹ̀ láéláé. Ka lọ́ọ̀gì (àkọsílẹ̀ tí Mailman ń ṣe nípa iṣẹ́ ẹ̀) kó o mọ ohun tó fà á, wo df -h bóyá dísìkì ti kún, tún un ṣe, kó o tó tẹ mailman unshunt. Tó ò bá tíì tún un ṣe, shunt náà ló máa padà sí.

Tó bá wá jẹ́ pé mailq to lẹ́tà rẹpẹtẹ sílẹ̀, ka ohun tó wà nínú àkámọ́ lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn èèyàn kì í kà á, ibẹ̀ sì ni ìdí ẹ̀ wà. Connection timed out fún gbogbo àdírẹ́sì? Ó ṣeé ṣe kí àwọn tó ń ta nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún yín ti ti port 25, ọ̀nà tí méèlì ń gbà jáde, pa. Tó bá jẹ́ Gmail nìkan ni ò gbà á, wo SPF àti DKIM yín (àwọn ẹ̀rí pé lọ́dọ̀ yín ni méèlì náà ti wá lóòótọ́), láti oṣù Kejì ọdún 2024 ni Google ti ń béèrè ó kéré tán ọ̀kan nínú ẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń fi méèlì ránṣẹ́.

Má fi falẹ̀ o. Ọjọ́ 5 péré ni Postfix máa ń fi gbìyànjú, tó bá jáwọ́, Mailman ló máa dá lẹ́tà náà padà fún, kì í ṣe ẹni tó kọ ọ́, Mailman á wá máa ka máàkì burúkú sọ́rùn àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀, tó bá pọ̀ á dá méèlì wọn dúró. Tó o bá rí i pé àyè ò tó, fi kún maximal_queue_lifetime nínú main.cf (fáìlì ìṣètò Postfix), kó o sì tẹ postfix reload. Tó o bá ti yanjú ohun tó fà á, postqueue -f ni wàá fi lé wọn jáde.

Ní ti ìsìnkú yẹn, fi WhatsApp sọ fún wọn lónìí, má dúró de sáfà. Àmọ́ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ìkéde náà kọ sí lísìtì, torí tí ìlà bá ti là, méjì méjì ni gbogbo èèyàn máa gbà á.