Èsì: Ẹ̀bùn ìdíje tó ti dé àti èyí tí kò tíì dé

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ẹ ò mọ ẹ̀bùn ìdíje tó ti dé yàtọ̀ sí èyí tí wọn ò tíì fi ránṣẹ́. Google Sheets, ìwé ìṣirò orí ayélujára, ni mo ń lò: òpó A ni ìdíje, òpó B ẹ̀bùn, òpó C ọjọ́ tí mo jẹ ẹ́, òpó D iye owó ẹ̀bùn náà, òpó E "dé" tàbí "kò dé". Ẹ tẹ =SUMIF(E:E,"kò dé",D:D) sí àpótí G1, àpapọ̀ iye owó ẹ̀bùn tí ẹ ń retí á yọ síbẹ̀. Bákan náà ni kí ẹ máa kọ "kò dé" o. Bí àmì ohùn bá yàtọ̀, ó lè fò ó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òpó D ṣeré. Níbí ní Amẹ́ríkà, ìjọba ń gba owó orí lórí ẹ̀bùn, ìbáà ṣe fìríìjì. Iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà ni kí ẹ kọ.