Ọmọ mi ọmọ ọdún 14 tó ní àtọ̀gbẹ kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni ṣe mọ́

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Leeds

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 14. Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n sọ fún wa pé ó ní àtọ̀gbẹ Type 1, lẹ́yìn tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ṣáá, tó ń dìde tọ̀ lóru, tó sì rù hangogo. A dúpẹ́ pé a tètè gbé e dé ọ̀sìbítù. Ó mọ ínsúlínì rẹ̀ gún, ó mọ oúnjẹ ṣírò, sẹ́ńsọ̀ tó ń ka ṣúgà wà ní apá rẹ̀. Ti ìtọ́jú kọ́ ló gbà mí lọ́kàn.

Ọmọ náà ti ń dá wà. Kì í bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹun nílé-ìwé mọ́. Wọ́n pè é síbi ọjọ́ ìbí, ó ní òun ò lọ. Bí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, yàrá rẹ̀ ló ń wọ̀ lọ, ó di ọjọ́ kejì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni èmi àti bàbá rẹ̀ ti pinnu pé ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́, nítorí ẹnu ayé. Ọmọbìnrin ni, a ò fẹ́ kí wọ́n máa pè é ní aláìsàn títí di ọjọ́ tí ẹni tí yóò fẹ́ ẹ bá yọjú. Màmá mi tó wà ní Ìbàdàn nìkan ló mọ̀, omi ewúro ni wọ́n sì ń bá mi sọ ṣáá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ náà wò mí, ó ní, "Mummy, kò sí ẹni tó dà bí èmi." Mi ò rí ọ̀rọ̀ fún un. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá ti la irú èyí kọjá, kí ni ẹ ṣe?

Ìdáhùn, láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní London

Ìyá mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú ìfaradà. Ọmọkùnrin tèmi ò tíì pé ọdún 12 nígbà tí Type 1 dé sí i lára. Ó ti wà ní yunifásítì báyìí, ó sì gbà kí n kọ èyí.

Ohun méjì ni ẹ kọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tó jẹ́ pé ọ̀kan náà ni mo rí wọn sí. Ẹ ní kì í bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹun mọ́. Ẹ tún ní ẹ ti pinnu pé ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́. Ẹ jẹ́ ká rò ó pọ̀. Ọmọ tó ní Type 1 gbọ́dọ̀ wo ṣúgà rẹ̀, kó ṣírò kábù (ohun tó ń di ṣúgà lára) tó wà nínú oúnjẹ, kó sì gún ínsúlínì kó tó fi í kan ẹnu. Níbo wá ni àwọn ọmọ ọdún 14 ti ń ṣọ̀rẹ́? Nídìí oúnjẹ ni. Tábìlì ọ̀sán nílé-ìwé, ṣọ́ọ̀bù adìyẹ díndín tí wọ́n ń yà sí lẹ́yìn ilé-ìwé, kéèkì ọjọ́ ìbí, ilé ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń sùn mọ́jú. Bí abẹ́rẹ́ bá ti di àṣírí, gbogbo ibi tí oúnjẹ bá wà ti di èèwọ̀ fún ọmọ náà nìyẹn. Àṣẹ tí ẹ pa fún un ló ń pa mọ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sì fi ń san án.

Nítorí náà, ohun tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ́kọ́ ṣe ni pé kí ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ pè é jókòó, kí ẹ sì sọ fún un fúnra yín pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àṣírí mọ́. Kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀yin méjèèjì. Àwọn òbí ló pa àṣẹ yẹn, òbí náà ló lè ká a kúrò. Bí nọ́ọ̀sì bá sọ fún un títí, bí ẹ̀yin ò bá sọ ọ́, kò ní gbà.

Mo mọ ibi tí ìpinnu yẹn ti wá. Nílé tí wọ́n ti tọ́ wa, wọn kì í sọ àìsàn ọmọ síta, pàápàá ti ọmọbìnrin, àwọn tó sì kọ́ wa bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn wa. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ ọkọ tí ẹ mẹ́nu bà, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi láìfi bò. Ẹni tí yóò bá a gbélé gbọ́dọ̀ mọ̀. Òun ni yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lóru bí ṣúgà bá lọ sílẹ̀ tí kò lè sọ̀rọ̀. Ẹni tí yóò sá nítorí abẹ́rẹ́, kí ó tètè sá. Àwọn obìnrin tó ní Type 1 ń lọ sílé ọkọ, wọ́n ń lóyún, wọ́n sì ń bímọ láyọ̀. Wọ́n kàn máa ń bá àwọn dókítà wọn ṣètò rẹ̀ kí oyún tó dé ni.

Pé kì í ṣe àṣírí mọ́ kò túmọ̀ sí pé ká máa kéde rẹ̀. Ẹ má ṣe sọ ọ́ fún gbogbo ìjọ kí ọmọ náà tó fọwọ́ sí i. Òun ni kó yan ẹni tí yóò mọ̀, nígbà tí yóò mọ̀, àti bí yóò ṣe mọ̀. Ọ̀rẹ́ méjì tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tèmi kò fẹ́ ìjókòó ńlá rárá. Ó kàn gún abẹ́rẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nídìí oúnjẹ, ìyẹn bi í pé ṣé ó ń dun ni, ó ní kò fi bẹ́ẹ̀ dùn ún, wọ́n sì ń bá eré bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń sọ lọ.

Àwọn tó bá sọ fún gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọn yóò ṣe bí ṣúgà rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ ju 4 mmol/L lọ: bí ara rẹ̀ bá ń gbọ̀n, tó ń làágùn, tó ń sọ̀rọ̀ kántankàntan tàbí tó ń bínú láìnídìí, kí wọ́n fún un ní ohun dídùn tó ń yára wọra, bíi júùsì èso kékeré kan tàbí ṣúgà oníhóró tó wà nínú báàgì rẹ̀, kí ṣúgà inú rẹ̀ tó bí gíráàmù 15, kí wọ́n dúró fún bíi ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ó tún un wò. Bí ó bá dákú, kí wọ́n má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, kí wọ́n pe 999. Àwọn ọmọ fẹ́ràn kí wọ́n gbé irú iṣẹ́ yìí lé wọn lọ́wọ́. Ẹni tó mọ bí òun ṣe lè gba ọ̀rẹ́ òun là kì í tètè fi í sílẹ̀.

Nílé-ìwé, òfin wà lẹ́yìn yín. Láti ọdún 2014 ni òfin Children and Families Act ti pọn ọn ní dandan fún àwọn ilé-ìwé ìjọba ní England láti ran ọmọ tó ní irú àìsàn báyìí lọ́wọ́. Ẹ béèrè fún ètò ìtọ́jú tó ní orúkọ rẹ̀ lórí, èyí tí wọ́n ń pè ní Individual Healthcare Plan. Ẹ rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó lè gún abẹ́rẹ́ níbi tó bá ti ń jẹun bí ó bá wù ú, pé fóònù tó fi ń ka sẹ́ńsọ̀ yóò máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lè bá a jáde ní kíláàsì bí ṣúgà bá lọ sílẹ̀. Ẹ má gbà kí wọ́n ní kó máa lọ gún un nílé ìgbọ̀nsẹ̀.

"Kò sí ẹni tó dà bí èmi." Ìyá mi, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Nínú kíláàsì rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́, ẹ má sì bá a jiyàn. Lára àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ní Britain, Type 1 kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n àwọn tó ní in tó bí 400,000, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọdé sì wà níbẹ̀. Ẹ gbé e lọ bá wọn. Àjọ aláàánú Diabetes UK ní ètò kan fún àwọn ọ̀dọ́ láti ọdún 11 sí 25, Together Type 1 ni wọ́n ń pè é. Lọ́dọ̀ yín ní Leeds níbẹ̀ náà, àwọn òbí ọmọ kan tó ní Type 1 ló dá DigiBete sílẹ̀, ìkànnì àti áàpù tó ń kọ́ àwọn ọmọ àti òbí nípa àtọ̀gbẹ. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kílíníkì bóyá ìpàdé wà fún àwọn ọmọ ọdún rẹ̀.

Bí ẹ bá lè rí ọmọ aláwọ̀ dúdú mìíràn, ẹ má jẹ́ kó bọ́. Láàárín àwa Yorùbá, ohun tí ìtọ̀ ṣúgà jẹ́ ni àìsàn àwọn bàbá àtàwọn ìyá àgbà, ìyẹn Type 2. Nítorí náà ni ọmọ ṣe ń rò pé òun gbé àìsàn arúgbó rù. Ọmọ mi lọ síbi ìpàdé òpin ọ̀sẹ̀ kan, ó sì bá ọmọ Gánà kan pàdé tí ìyá àgbà tirẹ̀ náà ń kó ewé ránṣẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kó tó di ọjọ́ náà, títí dòní ni wọ́n sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Alexander Zverev náà wà, ará Jámánì tó gba wúrà tẹ́níìsì ní Òlíńpíìkì Tokyo. Láti kékeré ló ti ní Type 1, ọdún 2022 ló tó sọ ọ́ ní gbangba. Ẹ lè fi hàn án, ṣùgbọ́n ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó jókòó tì í yóò ṣe é lóore ju gbajúmọ̀ mẹ́wàá lọ.

Nínú ilé ńkọ́? Bí ó bá ti ilé-ìwé dé, ẹ jẹ́ kí ohun mìíràn ṣáájú nọ́ńbà lẹ́nu yín. Òbí tí sẹ́ńsọ̀ ọmọ ń yọ lórí fóònù tirẹ̀ lè fi ojú ṣọ́ ọmọ náà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ọmọ náà sì mọ̀. Ẹ bá a ṣàdéhùn ìgbà tí ẹ lè pè é, bóyá bí ó bá bọ́ sísàlẹ̀ 4 tí kò sì dáhùn, àti ìgbà tí ẹ ó fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé ní ọjọ́ orí rẹ̀ yìí, ìdàgbàsókè ara máa ń mú kí ínsúlínì má ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ, nǹkan oṣù pẹ̀lú lè gbé ṣúgà sókè. Nọ́ńbà tó ga kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ṣe àìgbọràn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni lóde àríyá. Ẹ̀yin ni kí ẹ dúró láàárín òun àti àwọn tó ń pariwo pé "má jẹ ìrẹsì yẹn o!" Ó lè jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù, ó lè jẹ iyán, bí ó bá ti ṣírò rẹ̀ tó sì gún ínsúlínì rẹ̀. Kí ẹ jọ máa díwọ̀n oúnjẹ wa nílé, ìwọ̀n iyán kan, ṣíbí ìrẹsì kan, kó lè fojú díwọ̀n rẹ̀ níbi tí kò sí ohun tí a kọ sára ike.

Ní ti màmá yín, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, ó sì nídìí. Ní Nàìjíríà, àpò ara ẹni ni ọ̀pọ̀ ti ń ra ínsúlínì, wọ́n ti rí ibi tí owó tán tí ọmọ kò sì rí i lò. Ẹ sọ fún wọn pé àwọn ọmọ ogun ara ọmọ náà fúnra wọn ló ba ibi tí ínsúlínì ti ń jáde jẹ́, pé oúnjẹ tàbí ohun mímu tí ẹ fún un kọ́ ló fà á. Ẹ sọ ìtàn Leonard Thompson fún wọn, ọmọ ọdún 14 bíi tiyín, tó ń kú lọ ní Toronto nígbà tí wọ́n fún un ní ínsúlínì ní January 1922, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi wò. Ó lo ọdún mẹ́tàlá sí i láyé. Kí ínsúlínì tó dé, ikú ni àìsàn yìí fún ọmọdé. Ewúro nínú ọbẹ̀ kò burú, kò sì lè gba ipò ínsúlínì láé. Ohun kan náà ni fún àwẹ̀ àti àdúrà ìtúsílẹ̀: ẹnikẹ́ni tó bá ní kó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kó tún dá wà pẹ̀lú ọmọ náà. Láàárín wákàtí díẹ̀ láìsí ínsúlínì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí oró. Bí ó bá ń bì, tí inú ń run ún, tó ń mí gùlegùle, tí èémí rẹ̀ ń rùn bí èso tó pọ́n jù, ọ̀sìbítù lójú ẹsẹ̀ ni.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ gidigidi. Bí ó bá ń fo abẹ́rẹ́, tó ń rù tí inú rẹ̀ sì ń dùn sí i, tí kò sùn, tàbí tó ń sọ pé ayé ti sú òun, ìyẹn ti kọjá ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́. Ẹ pe kílíníkì, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín, kí ẹ sì béèrè onímọ̀ nípa ìrònú ọkàn tó ń bá àwọn ọmọ alátọ̀gbẹ ṣiṣẹ́. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ fún NHS, ti là á kalẹ̀ fún àwọn kílíníkì ọmọdé. Bí ó bá di pàjáwìrì, nọ́ńbà NHS 111 wà, ẹ yan ti ìlera ọpọlọ. Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, 999.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kó tó di ọjọ́ Sátidé, kí ẹ sì bi ọmọ náà léèrè ẹni àkọ́kọ́ tó wù ú kó mọ̀. Ọmọkùnrin mi ní kí n sọ fún yín pé bí ó bá fẹ́ bi òun ní ohunkóhun, òun ti ṣe tán, kí ẹ̀yin àti èmi jọ wà lórí ìpè náà. Ọ̀sán Sunday ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù.