Màmá mi ń mí hẹlẹhẹlẹ, ṣé fístúlà ọwọ́ wọn ló fà á?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Áńtí Nọ́ọ̀sì. Màmá mi ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, kídìnrín wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ la ń gbé wọn lọ ṣe dàyálísíìsì, ìyẹn fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀. Apá òsì, lókè ìgbọ̀nwọ́, ni wọ́n ṣe fístúlà sí, ibi tí ẹ̀rọ ń gbà fa ẹ̀jẹ̀. Báyìí tí wọ́n bá ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n á dúró lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Dókítà ṣe echo ọkàn, àyẹ̀wò tó ń fi àwòrán ọkàn hàn, ó ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró wọn ga. Ẹ̀gbọ́n mi wá ní fístúlà ló fà á, ká lọ dí i pa. Ṣé ká ṣe bẹ́ẹ̀? Ọmọ Aláàdìrẹ, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dí nǹkan kan o. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ní òótọ́ nínú, àmọ́ kò tíì pé.

Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé fístúlà yẹn, ẹ ó rí i pé ó ń gbọ̀n bíi fóònù tí wọ́n pa ohùn ẹ̀ lápò. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde látinú ọkàn ni wọ́n rán mọ́ èyí tó ń dá a padà, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ ń gba àbùjá, kò dé ìka tó fi padà sọ́kàn, ọkàn á sì tún tì í lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ọkàn èèyàn tó jókòó jẹ́ẹ́ ń ta bíi lítà 5 ní ìṣẹ́jú kan, fístúlà apá òkè nìkan sì lè gba lítà 1 níbẹ̀, tó bá ti kọjá 1.5 ó yẹ kéèyàn fura.

Ṣùgbọ́n omi ni èmi á kọ́kọ́ fura sí. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, nínú ooru Abẹ́òkúta yìí, tí èèyàn tún ń mu gààrí tútù lọ́sàn-án, omi á kún ara bámú, ẹ̀dọ̀fóró náà á sì gbà níbẹ̀. Ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti sọ di líle náà lè fà á, àìtó ẹ̀jẹ̀ náà lè fà á.

Ẹ bi dókítà léèrè, ìgbà wo ni wọ́n ṣe echo yẹn? Tó bá jẹ́ kí wọ́n tó fọ ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn dàyálísíìsì, nígbà tí omi ti fa. Ẹ tún ní kí wọ́n fi ultrasound wo bí ẹ̀jẹ̀ tó ń gba fístúlà ṣe pọ̀ tó. Dókítà tún lè tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tí lílù ọkàn bá rọlẹ̀, ó jẹ́ àmì pé ẹrù fístúlà yẹn ti wúwo lórí ọkàn.

Tó bá wá pọ̀ jù lóòótọ́, oníṣẹ́ abẹ lè sọ fístúlà yẹn di tín-ín-rín díẹ̀ kó má gba ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ mọ́, wọn á sì ṣì máa lò ó. Dídí i pa ló kẹ́yìn, torí tí ẹ bá dí i, ọrùn ni wọ́n á ki rọ́bà bọ̀, mo sì ti rí bí kòkòrò ṣe ń gba ibẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀, kò dáa rárá.

Ẹ má fi aṣọ so apá yẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọn BP níbẹ̀. Tí màmá bá dákú, tàbí tí wọn ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn torí èémí, ọsibítù lọ́jọ́ náà, ẹ má dúró de ọjọ́ dàyálísíìsì. Láti òní, ẹ máa kọ ìwọ̀n wọn kí wọ́n tó fọ ẹ̀jẹ̀ àti lẹ́yìn ẹ̀ sínú ìwé kékeré kan, kẹ́ ẹ mú un dání tẹ́ ẹ bá ń lọ rí dókítà.