Pátákó olóṣèlú nínú ọgbà ilé yín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú otútù Kánádà. Ẹ ní wọ́n ti lẹ pósítà mọ́ fẹ́ǹsì ilé yín ní Ìkòròdú látòkè délẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan sì tún fẹ́ ri irin mọ́ inú ọgbà láti gbé pátákó olùdíje wọn kọ́. Ṣé wọ́n láṣẹ bẹ́ẹ̀?

Wọn ò ní in, àfi tí ẹ bá fún wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni pósítà, ọ̀tọ̀ ni pátákó.

Òru ni àwọn onípósítà máa ń wá, pẹ̀lú korobá sítáàṣì àti búrọ́ọ̀ṣì. Kódà tí ẹ bá kọ POST NO BILL gàdàgbà sí ògiri, orí ẹ̀ gan-an ni wọ́n á lẹ̀ ẹ́ lé. Ẹ lè ní kí wọ́n yọ ọ́ o, àmọ́ kí ayálégbé yín má ṣe é lọ́sàn-án gangan, kí wọ́n má bàa ní ẹgbẹ́ kejì ló ń ṣe. Kí ó kọ́kọ́ sọ fún alága CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò. Kí ó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ rin ín dáadáa kó tó ha á. Gbígbẹ ni wọ́n fa tèmi ya. Ọ̀dà ògiri bá a lọ, ògiri wá dà bí ajá oníkúrúnà.

Pátákó ló ní wàhálà. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, LASAA, àjọ tó ń bójú tó pátákó ìpolówó, tí òfin ọdún 2006 dá sílẹ̀, ló ń fúnni níwèé àṣẹ. Ògùn ní OGSAA, Ọ̀yọ́ ní OYSAA. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sì tún ka àbójútó ìpolówó ìta gbangba mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu tí àwọn náà bá gbé bíìlì wá. Nígbà ìbò 2023, alábòójútó ilé mi gbowó lẹ́yìn mi. Ìbò parí, pátákó ò kúrò. Nígbà tí òjò dé, atẹ́gùn gbé e lu táǹkì omi aládùúgbò. Olùdíje ti fìdí rẹmi, kò gbé fóònù mọ́. Èmi ni mo ra táǹkì.

Tí ẹ bá máa gbà fún wọn, kí ó wà lákọsílẹ̀: ẹni tó máa sanwó àṣẹ, ọjọ́ tí wọ́n á tú u, ẹni tó máa dí ihò irin. Nígbà ìbò 2023, òfin ìdìbò 2022 fi ìpolongo sí àádọ́jọ (150) ọjọ́ ṣáájú ìbò, ó sì ní kó dópin ní wákàtí 24 ṣáájú ọjọ́ náà. Ti ààrẹ 2023, 28 oṣù kẹsàn-án 2022 ló bẹ̀rẹ̀, 25 oṣù kejì ni wọ́n dìbò. Lọ́jọ́ ìbò, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣàfihàn àwòrán tàbí àmì ìbò láàárín mítà 300 sí ibùdó ìdìbò. Ẹ ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń dìbò wà níwájú ilé yín, àbí? Kí wọ́n tú u kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́.

Tí ẹ bá sì ti fi ìsàlẹ̀ ilé háyà fún ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má gbà rárá: òfin ìdìbò ò gba ìpolongo nílé ìjọsìn.

Ẹ kọ lẹ́tà sí alábòójútó yín lónìí pé kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ olóṣèlú láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí i. Kí ó ya fídíò ọgbà náà fún yín lórí WhatsApp, kí ẹ lè rí i bóyá wọn ò tíì gbẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá nílò ẹni tó máa tún ògiri kùn, mo mọ kunlékunlé kan lápá ibẹ̀.